Bíà Tí Kì Í Pani: Bí A Ṣe Lè Pọn Ọ́n Nínú Ilé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Òṣogbo, ẹ kú ìjókòó o. Bí ènìyàn ṣe lè pọn bíà tí kì í pani nínú ilé ara rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bíà gidi ni mo ń wí: ọkà ni a fi pọn ọ́n, ó korò díẹ̀, yíìsì (ìwúkàrà tó ń jẹ ṣúgà, tó sì ń sọ ọ́ di álíkóhọ́ọ̀lù àti gáàsì) sì ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n álíkóhọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kéré débi pé kò lè yí ojú ẹni tó mu ún. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí gbogbo àlàyé mi yóò sì máa tọ̀, ni pé ẹni tó ń pọn ọ́n nínú ilé gbọ́dọ̀ dínà mọ́ álíkóhọ́ọ̀lù kó tó wáyé rárá, nítorí pé bó bá ti wáyé tán, kò sí irinṣẹ́ ilé ìdáná tó lè lé e jáde láìba ọtí náà jẹ́.

Ní ìlú wa yìí, mùsùlùmí, kìrìstẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ jọ ń gbé nínú agbo ilé kan náà ni, òde kì í sì í tán nílẹ̀. Bí kò bá sí ìkómọ, ìgbéyàwó ń bẹ, tàbí ìsìnkú arúgbó. Bó bá sì di oṣù Ògún, èrò ọdún Ọ̀ṣun a kún ìgboro. Ní gbogbo òde wọ̀nyí, ẹ óò rí àwọn tí ọtí kò yẹ fún: awakọ̀ tí yóò kó èrò padà sí Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́, aboyún, ẹni tó ń lo oògùn bíi Flagyl tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kó má fi ọtí kàn án, àwọn ọmọ Ọbàtálá tí ẹmu jẹ́ èèwọ̀ wọn. Mọ́ọ̀tì ni a sábà máa ń gbé fún wọn. Mọ́ọ̀tì dára, ṣùgbọ́n ó dùn jù fún ẹni tó fẹ́ ohun tútù tó korò díẹ̀ láti fi bá ẹja yíyan tàbí súyà lọ, ṣúgà inú rẹ̀ kò sì bá alátọ̀gbẹ mu. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń rò tí mo fi gba iṣẹ́ yìí.

Kí a tó lọ sí ìdí ìkòkò, ẹ jẹ́ kí a mọ ìwọ̀n tí a ń lé. Bíà tí a ń mu káàkiri sábà máa ń ní álíkóhọ́ọ̀lù ìdá 4 sí 6 nínú 100. Ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, èyí tí wọ́n bá pè ní aláìlálíkóhọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 0.5 nínú 100. Ìwọ̀n yìí ti pẹ́: òfin tí Amẹ́ríkà fi de ọtí ní 1919, tó wà títí di 1933, ló ti fi ìdá 0.5 ṣe ààlà, tí àwọn ilé-ìpọntí ibẹ̀ sì ń pọn bíà tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kí iṣẹ́ wọn má baà parẹ́. Ìdá 0.5 kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé e fún àlejò tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹyọ ẹ̀kán kan láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, ẹ má sì ṣe gbé e ka iwájú ẹni tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ nínú ọtí mímu, nítorí òórùn àti ìkorò bíà nìkan tó láti jí ìfẹ́ àtijọ́ dìde nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ènìyàn ni pé kí a ra bíà, kí a dà á sínú ìkòkò, kí a sì sè é títí álíkóhọ́ọ̀lù yóò fi fò lọ. Òótọ́ ni pé álíkóhọ́ọ̀lù a máa hó ní dígírì 78, nígbà tí omi ń hó ní 100 (ti Celsius ni gbogbo dígírì tí n óò dárúkọ). Ṣùgbọ́n inú bíà, àwọn méjèèjì ti wọ ara wọn; bí álíkóhọ́ọ̀lù ṣe ń fò ni omi ń bá a fò, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa ṣẹ́kù sínú ìkòkò ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ti ṣírò rẹ̀ pé ọbẹ̀ tí a da ọtí sí, tí a sì sè fún 30 ìṣẹ́jú, ṣì ní bí ìdá 35 nínú 100 álíkóhọ́ọ̀lù tí a dà sí i. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá ṣẹ́kù nínú ìkòkò yóò ti rùn bí omi ọkà tí a sè kọjá ààlà, òórùn dídùn rẹ̀ yóò ti bá èéfín lọ. Àwọn ilé-ìpọntí ńlá ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àgbá kí álíkóhọ́ọ̀lù lè fò ní nǹkan bíi dígírì 40, àwọn mìíràn sì ń fi agbára ti bíà gba inú asẹ́ tó tín-ín-rín gan-an kọjá. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a lè gbé sí ẹ̀yìnkùlé.

Ibi tí iṣẹ́ tiwa wà ni inú ọkà. Nígbà tí ọkà bá hù, àwọn èròjà kan tí onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù a jí nínú rẹ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í gé sítáàṣì rẹ̀ sí ṣúgà. Méjì nínú wọn ló kàn wá. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ beta-amylase a máa gé sítáàṣì sí ṣúgà kéékèèké tí yíìsì fẹ́ràn láti jẹ, ìgbóná dígírì 60 sí 65 sì ni ara rẹ̀ máa ń yá sí jù; tí ìgbóná bá kọjá 70, kì í pẹ́ kú. Èkejì, alpha-amylase, a máa gé e gẹ́gẹ́ bó ṣe bá a, ó sì máa ń fi ọ̀pọ̀ ègé gígùn tí yíìsì kò lè jẹ sílẹ̀. Òun lè fara da dígírì 75 fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bíà líle yóò po ọkà rẹ̀ ní 65. Ẹni tó fẹ́ bíà tí kì í pani yóò po ó ní 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí èyí àkọ́kọ́ kú kíákíá, kí ara ọtí náà lè ki lẹ́nu, síbẹ̀ kí oúnjẹ yíìsì má pọ̀ nínú rẹ̀.

Níbí ni inú mi ti máa ń dùn sí ọkà bàbà. Ní 1988, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé, gbogbo ilé-ìpọntí orílẹ̀-èdè yìí, títí kan èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí wa ní Iléṣà láti 1978, ní láti yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ìdààmú wọn pọ̀, nítorí pé ọkà bàbà tó hù kì í ní beta-amylase tó ti báálì, sítáàṣì rẹ̀ sì ń fẹ́ ìgbóná tó pọ̀ jù kó tó rọ̀, débi pé ẹ́ńsáìmù tí a rà wá láti òkè òkun ni wọ́n fi kún un. Ohun tó jẹ́ àlébù fún apọnbíà líle yìí gan-an ni àǹfààní fún wa. Ọkà tó ṣe é ṣe fún iṣẹ́ yìí jù lọ wà lórí àtẹ ní ọjà Ìgbọ̀nà, àwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí ọkà sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọkà hù kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọkà oúnjẹ ni kí ẹ rà, kí ó jẹ́ tuntun, nítorí ọkà àtijọ́ kì í hù dáadáa. Ẹ má ṣe ra irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa lára fún gbígbìn. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà kó má baà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí àpò ìdọ̀họ tó mọ́, kí ó nípọn bí ìka méjì, kí ẹ fi àpò mìíràn tí ẹ ti rẹ sómi bò ó. Ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa fi ọwọ́ yí i lówùúrọ̀ àti lálẹ́, nítorí pé ọkà tó ń hù a máa gbóná fúnra rẹ̀, àárín rẹ̀ sì lè bu bí a kò bá yí i. Bó bá ti bu, tí ẹ rí èébu aláwọ̀ ewé tàbí dúdú lára rẹ̀, ẹ dà á nù. Májèlé inú èébu kì í bá iná lọ. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, ọmọ tó yọ yóò ti gùn ju ọkà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, tí yóò máa dún pa bí ẹ bá gé e jẹ.

Ohun kan wà níbí tí ẹ kò gbọdọ̀ fò. Ọmọ àti gbòǹgbò tó yọ lára ọkà bàbà ní èròjà kan tí ń di sáyánáìdì, irú májèlé tó wà nínú gbágùúdá tútù. Nígbà tí ọkà náà bá gbẹ tán, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á dáadáa kí gbòǹgbò àti ọmọ rẹ̀ já, kí ẹ sì fẹ́ ẹ nínú atẹ títí yóò fi ku ọkà nìkan. Ẹ má ṣe fi ìràlẹ̀ rẹ̀ bọ́ ewúrẹ́.

Ẹ lọ ọkà náà kó má kúnná, bí ẹni tó lọ̀ ọ́ ní ìlọ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré. Kílò 1 tó fún nǹkan bíi lítà 10 bíà. Ẹ gbé lítà 4 omi kaná títí yóò fi dé dígírì 82, kí ẹ sì ro ọkà náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má dì. Àdàlù méjèèjì yóò sún mọ́ 76. Kúlà tí a fi ń gbé omi dídì lọ sóde dára fún èyí, torí pé kì í jẹ́ kí ìgbóná sá. Ẹ dé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún 45 ìṣẹ́jú. Láti mọ̀ bóyá sítáàṣì ti yí padà, ẹ bu ṣíbí omi rẹ̀ kan tó mọ́ sórí àwo funfun, kí ẹ kán áyódínì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn sí i lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣú bí aró, sítáàṣì ṣì wà. Ẹ fún un ní àkókò díẹ̀ sí i. Bó bá pọ́n rúsúrúsú tàbí tí àwọ̀ áyódínì kò yí, iṣẹ́ ti tán. Ẹ da èyí tí ẹ kán áyódínì sí nù, ẹ má ṣe dà á padà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi lítà 7 tàbí 8 omi gbígbóná mìíràn ṣan èérí ọkà náà, kí gbogbo omi ọkà náà pàdé nínú ìkòkò ńlá kan.

Ẹ sè é fún wákàtí 1. Nínú èyí ni ìkorò ti ń wọlé. Òdòdó hops ni wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé, kì í ṣe fún ìkorò nìkan, ó tún máa ń lòdì sí àwọn kòkòrò àìrí kan. A lè rí i rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì orílẹ̀-èdè wa ti dán ewúro àti orógbó wò gẹ́gẹ́ bí àrọ́pò rẹ̀, èmi náà sì fara mọ́ ọn. Orógbó tí a bó, tí a sì rẹ́ wẹ́wẹ́, máa ń fúnni ní ìkorò tó mọ́ lẹ́nu. Ewúro máa ń mú òórùn ọbẹ̀ wá bó bá pọ̀ jù. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ máa tọ́ ọ wò, ẹ rántí pé bíà tí kò lálíkóhọ́ọ̀lù kò ní ara tó lè gbé ìkorò púpọ̀.

Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Yíìsì tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa nínú bíà líle a máa sọ ọ́ di kíkan fúnra rẹ̀. Tiwa kò ní ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ní láti fi ọwọ́ ara wa ṣe é. Àwọn bébà pH wà tí a fi ń wọn kíkan nǹkan; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni nǹkan náà ṣe kan tó. Ìwọ̀n 4.6 ni ààlà tí kòkòrò botulinum, tó ń fa májèlé inú oúnjẹ agolo, kò lè hù tí nǹkan bá kan jù ú lọ. Kí tiwa wà ní 4.2 tàbí kó kéré sí i.

Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ tutù kíákíá. Ẹ gbé ìkòkò náà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ sínú ọpọ́n ńlá, kí ẹ to omi inú ọ̀rá tó ti dì yí i ká, kí ẹ sì da omi lásán kún àlàfo wọn. Tí ọ̀rá kan bá ti yọ́, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà yìí lọ, ohunkóhun tí yóò bá kan omi ọkà náà, ìbáà jẹ́ ṣíbí, ìbáà jẹ́ ọ̀pá ìfami, ẹ ti gbọ́dọ̀ sè é tàbí kí ẹ fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́.

Yíìsì wo ni kí a lò? Yíìsì búrẹ́dì tí wọ́n ń tà lọ́jà yóò jẹ gbogbo ṣúgà tó bá rí, maltose, irú ṣúgà tó pọ̀ jù nínú omi ọkà, kò sì yọ sílẹ̀. Ti inú ẹmu kò sàn jù ú lọ. Àwọn yíìsì kan wà tí kò lè jẹ maltose rárá, bíi Saccharomycodes ludwigii àti èyí tí wọ́n ń tà ní sàṣẹ́ẹ̀tì lórúkọ SafBrew LA-01. Glucose àti ṣúgà tó rọrùn nìkan ni wọ́n ń jẹ, wọn a sì fi ìyókù sílẹ̀. Àwọn ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti lò. Iṣẹ́ tí a bẹ̀ wọ́n sì ju ti álíkóhọ́ọ̀lù lọ: àwọn ló ń mú adùn ọkà tútù kúrò, èyí tó máa ń jẹ́ kí bíà aláìlálíkóhọ́ọ̀lù tí kò dára máa dà bí ògì tí a kò sè jinná. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ṣúgà kún un kó lè dùn, nítorí pé ṣúgà funfun kò korò lẹ́nu wọn.

A kò lè fi ẹnu mọ iye álíkóhọ́ọ̀lù. Hydrometer, irinṣẹ́ onígíláàsì tó ń léfòó tó sì ń sọ bí omi ṣe ki tó, ni kí ẹ ní. Omi lásán jẹ́ 1.000. Ká ní omi ọkà yín jẹ́ 1.015 kí ẹ tó fi yíìsì sí i, tó sì di 1.012 lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.003, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 131, ẹ óò rí nǹkan bíi ìdá 0.39 nínú 100. Bó bá já sí 1.011, ó ti di 0.52, ó ti kọjá ààlà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí omi ọkà náà fúyẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àyè tí a ní kò fẹ̀. Bó bá sì ti dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ gbé e sínú fíríìjì lójú ẹsẹ̀.

Gáàsì inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Àwọn tó ń pọn bíà nílé a máa fi nǹkan bíi gíráàmù 6 ṣúgà sí lítà kan kí wọ́n tó dé ìgò, kí yíìsì lè fi ṣe gáàsì. Ṣúgà yẹn nìkan yóò bí álíkóhọ́ọ̀lù tó sún mọ́ ìdá 0.4. Ẹ fi í kún 0.39 wa, ẹ óò rí i pé bíà tí kì í pani ti lọ. Ewu mìíràn tún wà: maltose tí yíìsì wa kò jẹ ṣì wà nínú ìgò náà, bí yíìsì inú afẹ́fẹ́ bá sì wọ ibẹ̀, yóò jẹ ẹ́ tẹ́rùntẹ́rùn títí ìgò yóò fi bú gbàù. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì sínú omi lè lò ó. Ẹni tí kò ní lè pọn ọ́n kó ki díẹ̀ sí i, kó sì fi ife omi sódà tútù 1 la ife bíà 2 nígbà tó bá fẹ́ mu ún. Omi sódà náà yóò tún dín álíkóhọ́ọ̀lù rẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn jù. Nínú bíà líle, álíkóhọ́ọ̀lù ń ṣọ́ ọtí náà. Nínú tiwa, ẹ̀ṣọ́ yẹn kò sí, ṣúgà sì ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tẹ̀wé jáde pé E. coli àti Salmonella, àwọn kòkòrò tó ń fa àìsàn inú, lè máa pọ̀ sí i nínú bíà tí kì í pani tí kò bá sí nínú òtútù tó. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀sọ̀ rọ ọ́ sínú ìgò bíà tó nípọn láìsí gáàsì, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lọ́rùn ìgò, kí ẹ gbé e sínú ìkòkò omi tútù, kí ẹ sì máa mú un gbóná díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àárín ìgò bá dé dígírì 65, ẹ dì í mú níbẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí náà, inú fíríìjì ni yóò máa wà. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ kan gbáko, tí ìgò náà sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, lẹ́yìn gbogbo wàhálà ọkà híhù, ṣùgbọ́n àwọn tí a tìtorí wọn pọn ọ́n, aboyún àti ẹni tó ń gba ìtọ́jú, ni àìsàn inú máa ń ṣe léṣe jù. Èmi kì í fi sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Fún ilé àti àlejò ni gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ máa tà á, ó gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC, kó sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò tó lè wọn álíkóhọ́ọ̀lù rẹ̀ gangan, nítorí pé ìṣirò ni hydrometer ń fún wa. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré: ọkà ọdún yìí kò ní jẹ́ bákan náà pẹ̀lú ti ọdún tó ń bọ̀, bí ìgbóná bá sì fi dígírì mélòó kan yẹ̀ nínú kúlà, iye ṣúgà tí yíìsì yóò rí jẹ yóò yí padà, nítorí náà ìkòkò kọ̀ọ̀kan tí a bá pọn ló yẹ kí a wọ̀n kí a tó lẹ ìwé mọ́ ìgò rẹ̀.